Odò Pra rú ju ohun tí álọ́ọ̀mù lè mú tòrò lọ: báwo ni wọ́n ṣe ń sọ omi odò di mímu?

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, Ghana Water Limited, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń pèsè omi ẹ̀rọ ní Ghana, fi àtẹ̀jáde kan síta lórí ọ̀wọ́n omi tó ń bá àwọn ará Cape Coast, Elmina àti agbègbè wọn fínra. Nọ́ńbà méjì ló gba àfiyèsí nínú àtẹ̀jáde náà. Ibùdó ìtọ́jú omi tó wà ní Sekyere Hemang, tó ń fa omi láti inú odò Pra, ni wọ́n kọ́ láti tọ́jú omi tí rírú rẹ̀ kò ju 2,000 lọ lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní NTU. Omi tí wọ́n ń bá nínú odò náà ti wọ 14,000.

Ìlọ́po méje nìyẹn.

Kí ẹ lè mọ bí nọ́ńbà yẹn ṣe tó, tí ẹ bá bu omi sínú ife gíláàsì, ojú lásán yóò ti máa rí i pé kò mọ́ tó tí rírú rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 4 NTU. Omi tó bá wà ní 14,000 kò jọ omi mọ́. Tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ló jọ.

Àwọn tó ń wa góòlù láìgba ìwé àṣẹ, iṣẹ́ tí àwọn ará Ghana ń pè ní galamsey, ni ilé iṣẹ́ omi náà dárúkọ pé ó fà á. Wọ́n á gbẹ́ bèbè odò, wọ́n á fi omi fọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ láti wá góòlù, wọ́n á sì da ẹrẹ̀ tó ṣẹ́kù padà sínú odò. Odò Pra àti àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀, bíi Offin àti Birim, wà lára àwọn tó fara gbá a jù.

Ẹni tó bá ti gbé ilé tó ní kànga rí lè béèrè pé: ṣé kì í ṣe álọ́ọ̀mù náà ni wọ́n ń dà sí omi ni? Tí omi bá rú sí i, kí ló dé tí wọn kò fi álọ́ọ̀mù kún un? Ó ṣe tán, a mọ̀ pé álọ́ọ̀mù díẹ̀ nínú kànga lálẹ́ tó láti mú kí omi tòrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí omi fúnra rẹ̀ jẹ́, àti ohun tí kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan lè ṣe àti èyí tí apá rẹ̀ kò ká.

Kí ló dé tí omi kì í lé àlejò?

Ẹyọ omi kan kéré débi pé ojú kò lè rí i. Oxygen kan àti hydrogen méjì ló para pọ̀ di ẹyọ omi kan. Hydrogen méjèèjì kò sì tò sí ọ̀tún àti òsì lórí ìlà kan. Wọ́n jọ yọ sí apá kan bí etí méjì lórí ehoro. Nítorí èyí, apá ibi tí etí wà ní àmì àròpọ̀ díẹ̀, apá kejì sì ní àmì àyọkúrò díẹ̀, bí orí àti ìdí bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Ohun kékeré yìí ló sọ omi di ohun tó ń gba nǹkan mọ́ra. Tí ẹ bá da iyọ̀ sínú omi, apá àròpọ̀ omi á di apá kan iyọ̀ mú, apá àyọkúrò á di apá kejì mú, wọ́n á sì fa iyọ̀ náà ya títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ṣe ń ṣe sí irin inú àpáta, sí fluoride, sí arsenic. Kódà omi òjò kì í dá wá: ó ti gba carbon dioxide nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀.

Torí náà, orúkọ "pure water" tí a ń pe omi inú ọ̀rá ní Nàìjíríà àti ní Ghana, àpọ́nlé ni. Omi tí kò ní ohunkóhun nínú kò sí nínú odò, kò sí nínú kànga, ara wa kò sì bèèrè fún un. Omi tí kò ní ohun tó lè pa wá lára ni à ń wá.

Ohun tó ń wọ inú omi kì í ṣe irú kan náà. Àwọn kan máa ń yòrò, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Àwọn mìíràn kì í yòrò, wọ́n kàn ń léfòó káàkiri inú omi ni, bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Àwọn tí kò yòrò yìí ni iṣẹ́ álọ́ọ̀mù. Èyí tó ti yòrò, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, a ó sì dé ibẹ̀.

Amọ̀ tí kì í balẹ̀

Tí a bá sẹ́ ògì tán, tí a gbé e sílẹ̀ mọ́jú, ògì á ti balẹ̀, omi rẹ̀ á wà lókè, a ó sì rọra da omi náà kúrò. Iyanrìn odò ń ṣe bẹ́ẹ̀, kíákíá sì ni. Iyanrìn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà á rì ní mítà kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì.

Amọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Hóró amọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà á lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rì ní mítà kan yẹn, ìyẹn tí omi náà bá dúró jẹ́ẹ́ láìmì rárá. Èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká sọ tòótọ́, kì í balẹ̀.

Kì í ṣe kíkéré nìkan ló fà á. Ara hóró amọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì àyọkúrò, ohun méjì tó bá sì ní àmì kan náà máa ń ti ara wọn sẹ́yìn, bí orogún méjì tí kò lè jókòó lórí ẹní kan. Tí wọn kò bá lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọn kò ní tóbi. Tí wọn kò bá tóbi, wọn kò ní rì. Odò lè ru irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú igbó títí dé òkun.

Iṣẹ́ ẹni tó ń fọ yẹ̀pẹ̀ wá góòlù sì ni láti tú amọ̀ kúrò lára òkúta àti iyanrìn. Ohun tó ṣòro jù láti yọ kúrò nínú omi gan-an ni wọ́n ń dà padà sínú rẹ̀.

Kí ni álọ́ọ̀mù ń ṣe gan-an?

Álọ́ọ̀mù jẹ́ irú iyọ̀ kan tí aluminium wà nínú rẹ̀, aluminium kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò. Tó bá ti yòrò, aluminium inú rẹ̀ á máa káàkiri pẹ̀lú àmì àròpọ̀ mẹ́ta lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Amọ̀ ní àyọkúrò, álọ́ọ̀mù gbé àròpọ̀ wá, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Hóró amọ̀ tó ti ń sá fún ara wọn kò ní ìdí láti sá mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ pọ̀.

Nǹkan mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aluminium yìí á dà pọ̀ mọ́ apá kan lára omi, á sì di nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú tó rin. Bí òwú yìí ṣe ń rọra lọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á máa kó amọ̀, ìdọ̀tí ewé tó jẹrà àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn dání bí àwọ̀n apẹja.

Ní ibùdó ìtọ́jú omi, wọ́n máa ń kọ́kọ́ po álọ́ọ̀mù mọ́ omi pẹ̀lú agbára, kó lè kárí kíákíá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa rò ó jẹ́jẹ́, ó lè tó ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí á tètè lóye ìdí: tí ẹ bá ń rò ó ṣáá, kò ní dì ní wóró-wóró. Lẹ́yìn èyí, omi á lọ sínú ọ̀gbun ńlá kan níbi tí ohun tó ti dì á ti rì, omi tó wà lókè á sì gba inú iyanrìn kọjá kí ohun tó ṣẹ́kù lè há síbẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fi kún un?

Lákọ̀ọ́kọ́, álọ́ọ̀mù máa ń mú kí omi kan. Nígbà tí aluminium bá ń di òwú yẹn, ó máa ń já hydrogen sílẹ̀ sínú omi, irú hydrogen kan náà tó ń jẹ́ kí ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Omi odò ní agbára díẹ̀ láti pa kíkan náà, ṣùgbọ́n tí álọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, agbára ọ̀hún á tán. Omi tó kan máa ń jẹ páìpù irin. Èyí tó burú jù ni pé nínú omi tó kan jù, álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò ní lè di òwú mọ́. Aluminium rẹ̀ á yòrò sínú omi tó yẹ kó mú tòrò.

Ìdí nìyí tí àwọn ibùdó omi fi máa ń da ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pè ní lime sí i láti pa kíkan náà. Bí álọ́ọ̀mù bá ń pọ̀ sí i, lime gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, owó sì ni wọ́n fi ń ra méjèèjì.

Nǹkan mìíràn wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Tí álọ́ọ̀mù bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè bo ara amọ̀ débi pé amọ̀ tó ní àyọkúrò tẹ́lẹ̀ á wá di alámì àròpọ̀. Wọ́n á tún ní àmì kan náà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn, omi á sì tún rú padà. Torí èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó omi fi máa ń to ife bíi mẹ́fà kalẹ̀, tí wọ́n á fi ìwọ̀n álọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wo èyí tó tòrò jù, kí wọ́n tó mọ iye tí wọ́n máa lò. Odò tó ń yí padà láàárọ̀ àti lálẹ́ á mú kí wọ́n máa tún ìdánwò yẹn ṣe ṣáá.

Ẹrẹ̀ wá ńkọ́? Gbogbo amọ̀ tí álọ́ọ̀mù bá kó jọ gbọ́dọ̀ kúrò nísàlẹ̀ ọ̀gbun. Iyanrìn tó ń sẹ́ omi á tètè dí, omi mímọ́ ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́, omi kan náà tó yẹ kó máa lọ sílé àwọn èèyàn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ tó ń fa omi kò fẹ́ iyanrìn. Bí ó bá ti ń gbé e mì, abẹ́ inú rẹ̀ á máa jẹ. Nínú àtẹ̀jáde ọdún 2024 yẹn, Ghana Water Limited sọ pé ẹrẹ̀ ti gba nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tí wọ́n ti ń fa omi ní Sekyere Hemang. Kí álọ́ọ̀mù tó kan omi rárá, àyè tí omi yóò gbà wọlé ti dí.

Lójú òǹkọ̀wé yìí, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ onímọ̀ kẹ́míkà. Kò sí ìwọ̀n álọ́ọ̀mù tó lè kó ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu páìpù.

Omi ti tòrò, síbẹ̀ kò tíì ṣeé mu

Ká ní gbogbo èyí ti lọ dáadáa. Omi tòrò, ẹ lè rí ìdí ife. Kòkòrò tó ń fa onígbáméjì tàbí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ṣì lè wà nínú rẹ̀, torí wọn kò ní àwọ̀, wọn kò sì ní òórùn. Chlorine ló kàn.

Tí chlorine bá wọ inú omi, ó máa ń di ásíìdì kan tí kò le. Ásíìdì yìí kò ní àmì àròpọ̀, kò ní àmì àyọkúrò. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn, torí ara kòkòrò àìsàn náà ní àmì àyọkúrò bíi ti amọ̀. Ohun tí kò ní àmì lè rọra gba awọ ara kòkòrò náà wọlé, kó sì ba ohun tó gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró jẹ́.

Ṣùgbọ́n tí kíkan omi bá dínkù jù, bóyá nítorí pé lime ti pọ̀ jù, chlorine náà á yí padà, á sì gbé àmì àyọkúrò wọ̀. Ara kòkòrò á wá máa tì í sẹ́yìn, agbára rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ gidigidi. Òṣùwọ̀n pH ni wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó: omi tó wà ní 7 wà láàárín, èyí tó bá sì lọ sókè kò kan. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, là kalẹ̀ ni pé kí pH omi má tó 8, kí chlorine wà nínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí mílígíráàmù 0.5 rẹ̀ sì ṣì ṣẹ́kù nínú lítà kan lẹ́yìn náà.

Èyí tó ṣẹ́kù yẹn kì í ṣe àṣejù. Òun ló ń ṣọ́ omi náà nínú páìpù tó ń lọ sílé yín, nítorí páìpù tó bá lu lè fa omi gọ́tà mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ló ń kórìíra òórùn chlorine fẹ́rẹ́ tó máa ń wà lára omi ẹ̀rọ. Omi ẹ̀rọ tí kò rùn rárá ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ yín lóminú.

Amọ̀ tún ń dá chlorine náà lọ́nà. Kòkòrò lè sá sẹ́yìn hóró amọ̀ bí ẹni sá sẹ́yìn ògiri, ìdọ̀tí ewé tó jẹrà náà á sì máa jẹ chlorine tán kó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fẹ́ kí rírú omi wálẹ̀ sí 1 NTU tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ kí chlorine tó dé. Ẹ fi 14,000 wé e.

Òótọ́ ni pé chlorine tó bá pàdé ìdọ̀tí ewé lè di àwọn kẹ́míkà mìíràn tí kò yẹ kó pọ̀ nínú omi. Ṣùgbọ́n WHO ti sọ ọ́ yanjú pé ewu wọn kéré jọjọ sí ewu mímu omi tí wọn kò pa kòkòrò inú rẹ̀.

Mercury kì í kú

Títí di ibí, a ń sọ̀rọ̀ nípa amọ̀ àti kòkòrò. Amọ̀ ń rì, kòkòrò ń kú. Àwọn tó ń wa góòlù tún ń fi nǹkan mìíràn sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń po mercury mọ́ yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀. Góòlù wẹ́wẹ́ á lẹ̀ mọ́ mercury, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á sì yọ́ná sí i kí mercury lè di èéfín, kí góòlù lè ṣẹ́kù. Èyí tó di èéfín á padà bọ́ sílẹ̀ àti sínú omi. Èyí tó dà nù nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ á bá ẹrẹ̀ lọ sódò. Arsenic náà wà nínú àpáta tó gbé góòlù ní àwọn ibìkan ní Ghana, bíi Obuasi. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ àpáta náà, arsenic á rí ọ̀nà jáde.

Chlorine kò lè pa ohun tí kò ní ẹ̀mí. Síse náà kò ran ọ̀rọ̀ arsenic àti òjé: omi ló ń fẹ́ lọ, wọ́n á ṣẹ́kù sínú ìkòkò, wọ́n á sì túbọ̀ pọ̀ nínú omi tó kù. Álọ́ọ̀mù máa ń kó èyí tó lẹ̀ mọ́ amọ̀ lọ, ìrànlọ́wọ́ gidi sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n mercury tó ti yòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn.

Ìwọ̀n tó léwu sì kéré. WHO ní kí arsenic má ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi kan. Ìyẹn bí gíráàmù kan ṣoṣo nínú 100,000 lítà, omi tó máa kún táńkà mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 10,000 lítà. Ti mercury kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, mílígíráàmù 0.006.

Tó bá kan mercury, ẹja lè léwu ju omi lọ. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò kan máa ń yí i padà sí irú èyí tó ń wọ ara ẹ̀dá tí kì í tètè jáde. Ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, á sì máa pọ̀ sí i títí tó fi dé orí tábìlì wa. Ní ìlú Minamata ní Japan, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kéde àìsàn yìí lọ́dún 1956, ẹja inú òkun tí ilé iṣẹ́ kan da mercury sí ni àwọn èèyàn jẹ. Ọpọlọ ọmọ inú oyún ló ń bà jẹ́ jù, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ìyá ọmọ náà mọ nǹkankan lára.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí ilé. Ìwakùsà góòlù ní agbègbè Iléṣà wà lára ohun tí wọ́n ní ó sọ odò Ọ̀ṣun di aláwọ̀ ẹrẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kìlọ̀ lọ́dún 2022 pé kí àwọn èèyàn má mu omi odò náà.

Kí lẹ lè ṣe nílé?

Tí omi tó dé ọ̀dọ̀ yín bá rú, ọ̀nà tí ibùdó ńlá ń gbà náà ni kí ẹ gbà: kó tòrò ná, kí ẹ tó pa kòkòrò. Ẹ gbé e sílẹ̀ kó balẹ̀, ẹ rọra da ti òkè sínú ohun mìíràn, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tó ki sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ tún lè lo bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà. Tí ara ike rẹ̀ bá sọ pé 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára rẹ̀, ẹ̀kán méjì tó fún lítà omi kan, ìyẹn 40 fún kẹ́ẹ̀gì 20 lítà. Tí omi bá ṣì rú díẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Tí agbára bílíìṣì yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n yìí kò bá a mu. Bílíìṣì tó ti pẹ́ tàbí tí oòrùn ti pa náà kì í lágbára mọ́.

Fún àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò tí wọ́n ti ń wa góòlù, pàápàá aláboyún àti ẹni tó ń po mílíìkì fún ọmọ ọwọ́, kò sí èyí tó yọ mercury tàbí arsenic nínú àwọn ọ̀nà yìí. Omi òjò tí wọ́n gbè mọ́ sàn jù, tàbí omi kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbé lọ ṣe àyẹ̀wò. Tó bá jẹ́ omi inú ọ̀rá, ẹ béèrè ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ náà ń lò. Èyí tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kan kọjá lè yọ púpọ̀ nínú irú kẹ́míkà yìí. Èyí tó kàn ń tan iná UV sí omi, kòkòrò nìkan ló ń pa. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló sì lè sọ bóyá mercury wà nínú omi tàbí kò sí: kò ní adùn, bẹ́ẹ̀ ni omi tó gbé e lè tòrò bí omi òjò.